Ọmọlójú: Ọ̀rọ̀ lórí àbùkù ojú tí ọmọ ń bá wá sáyé

  

Nínú èdè wa, ihò dúdú kékeré tí ó wà láàárín ẹyinjú, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ọmọlójú ni à ń pè é. Orúkọ kan náà ni a fi ń pe ọmọ tí a fẹ́ràn jù lọ. Ẹ wo bí àwọn baba wa ṣe so ọmọ àti ojú pọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ òní, ọmọlójú ọmọ gan-an ni mo fẹ́ kí a jọ wò: irú àwọn àbùkù ojú tí ọmọ máa ń bá wá sáyé, ohun tí ó ń fà wọ́n, àti ohun tí ó yẹ kí òbí ṣe kí ọjọ́ tó lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò máa wí pé kí ló kan Fadá nínú ọ̀rọ̀ dókítà. Ohun tí ó kàn mí níbẹ̀ ni pé ọ̀dọ̀ àwa àlùfáà ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá fún àdúrà, àwọn òbí mìíràn kò sì lọ síbòmíràn mọ́ lẹ́yìn èyí.

Nígbà tí a bá bí ọmọ tí ojú rẹ̀ kò pé, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ará ilé kì í ṣe bí a ó ṣe tọ́jú rẹ̀. Ta ló fà á? Èyí ni wọ́n ń bèèrè. Ìbéèrè náà ti pẹ́ láyé. Nínú Ìhìnrere Jòhánù, orí kẹsàn-án, nígbà tí Jésù rí ọkùnrin kan tí a bí ní afọ́jú, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin náà ni tàbí ti àwọn òbí rẹ̀. Jésù dá tọ̀tún tòsì láre, ó sì kọjú sí ojú ọkùnrin náà. Kí ìgbàgbọ́ tó dé ilẹ̀ wa, ẹni òrìṣà ni àwọn baba wa ń pe afọ́jú, arọ, abuké àti àfín, nítorí wọ́n gbà pé Ọbàtálá tí ó mọ ènìyàn ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Èmi kò lè fi ẹ̀kọ́ yẹn kọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kò dá ìyá ọmọ lẹ́bi. Ó wá ń yà mí lẹ́nu pé àwa tí a ń ka Ìhìnrere ni a tún ń bi aya ilé léèrè ibi tí ó rìn dé ní ọ̀sán gangan nígbà tí ó wà nínú oyún.

Ojú ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú oyún kí oyún náà tó pé oṣù kan, ìgbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn ti fẹ́ra kù. Nígbà tí yóò fi pé oṣù mẹ́ta, gbogbo ẹ̀yà pàtàkì inú ojú ni ó ti wà ní ipò wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ní láti dàgbà. Ìmọ́lẹ̀ yóò gba iwájú ẹyinjú tí ó mọ́ kedere wọlé, yóò gba ọmọlójú kọjá, yóò sì kan awò kékeré kan tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Awò yìí ni ó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sórí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó tẹ́ ẹ̀yìn ẹyinjú, iṣan kan yóò sì gba iṣẹ́ náà lọ sí ọpọlọ. Ibikíbi lójú ọ̀nà yìí ni àbùkù lè wà. Ìdí nìyí tí irú rẹ̀ fi pọ̀.

Èyí tí ó sábà máa ń wà níwájú nínú ìròyìn àwọn ilé ìwòsàn ojú ní Nàìjíríà ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní cataract. Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ ọ́n mọ́ àgbàlagbà: awò inú ojú tí ó yẹ kí ó mọ́ bí omi inú àwo di funfun bí omi ògì. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ọmọ tuntun jòjòló náà lè bá a wá. Ìyá tí ó bá wo ojú ọmọ rẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ yóò rí i pé ọmọlójú tí ó yẹ kí ó dúdú ti funfun. Nígbà mìíràn ojú kan ni, nígbà mìíràn méjèèjì. Àwọn mìíràn jogún rẹ̀ láti ara òbí. Àwọn mìíràn, a kò rí ohun kan pàtó tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn kan tí a mọ orírun tiwọn dáadáa, mo sì fẹ́ sọ bí a ṣe mọ̀ ọ́n, nítorí ìtàn náà dùn mọ́ mi.

Ní ọdún 1940, àrùn rubella jà káàkiri ilẹ̀ Ọsirélíà. Àrùn yìí jọ èéyi, ṣùgbọ́n kò le tó o: ara yóò gbóná díẹ̀, nǹkan pupa wẹ́wẹ́ yóò sú sí ara, kókó yóò yọ lẹ́yìn ọrùn, ní bí ọjọ́ mẹ́ta gbogbo rẹ̀ yóò ti lọ. Àgbàlagbà mìíràn lè ní in kí ó má mọ̀. Ní ọdún 1941, dókítà ojú kan ní ìlú Sydney, Norman Gregg, rí i pé àwọn ọmọ ọwọ́ tí ọmọlójú wọn funfun ti ń pọ̀ jù fún òun. Ó gbọ́ tí àwọn ìyá ń bá ara wọn sọ ọ́ pé àwọn ní rubella nígbà tí àwọn wà nínú oyún. Dókítà mìíràn ì bá ti rò pé ẹjọ́ obìnrin ni. Gregg kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè, ó sì kàn sí àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Nínú ọmọ 78 tí ó kó ìtàn wọn jọ, ìyá àwọn ọmọ 68 ni ó ti ní àrùn náà, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Àwọn oníṣègùn kan kọ́kọ́ ṣiyèméjì, nítorí ìgbàgbọ́ ayé ìgbà náà ni pé ohun tí ọmọ bá bá wá, inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ni ó ti wá. Gregg ni ó jàre. Lónìí kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé kòkòrò rubella máa ń gba ara ìyá dé ara ọmọ inú, àti pé oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Kò sì mọ sí ojú nìkan, ó ń ba etí àti ọkàn ọmọ jẹ́ pẹ̀lú.

Nígbà tí àrùn yìí jà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1964 sí 1965, bí ọmọ 20,000 ni a bí pẹ̀lú àbùkù tí ó ti ibẹ̀ wá. Ní ọdún 1969 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo àjẹsára rẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 2015, àjọ ìlera kéde pé rubella kò tún ràn láàárín ara wọn mọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà, láti Kánádà títí dé Brazil àti Cuba. Ilẹ̀ tiwa kò tètè débẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní àjẹsára tí ó pa èéyi àti rubella pọ̀, láti ọmọ oṣù 9 dé ọmọ ọdún 14. Ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí wọ́n bá dé àdúgbò yín, ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin, ẹ rántí pé kì í ṣe òun nìkan ni àjẹsára yẹn ń dáàbò bò, ọmọ tí yóò bí lọ́jọ́ iwájú náà wà níbẹ̀. Aboyún kì í gba a o. Kí obìnrin tó lóyún ni.

Mo padà sórí cataract, nítorí ibẹ̀ ni ohun tí ó dùn mí jù wà. Ọmọ kì í bá ìríran wá sáyé ní pípé. Bí ó ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni ọpọlọ rẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń ríran, àkókò tí Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà kò sì gùn. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì kan, David Hubel àti Torsten Wiesel, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1981, di ojú kan ọmọ ológbò pa fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bí i. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ojú náà kò ní àbùkù kankan, ṣùgbọ́n ológbò náà kò lè fi í ríran, nítorí ọpọlọ ti fi ààyè rẹ̀ fún ojú kejì. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún àgbà ológbò, nǹkan kan kò ṣe é. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ọmọ ènìyàn. Àgbàlagbà tí cataract bo ojú rẹ̀ lè dúró ọdún méjì kí ó tó rí owó iṣẹ́ abẹ, yóò sì ríran padà. Ọmọ ọwọ́ kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ojú kan ni ó bò pátápátá, àwọn dókítà fẹ́ kí iṣẹ́ abẹ wáyé ní bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lẹ́yìn ìbí. Bí ó bá jẹ́ méjèèjì, kí ó má jìnnà kọjá ọ̀sẹ̀ 10. Ọ̀sẹ̀ ni mo wí o, n kò wí ọdún.

Mo mọ tọkọtaya kan, ọmọ Èkìtì ni wọ́n, òkè Ọya ni wọ́n ti ń ṣòwò. Ní oṣù kẹta ọdún ni wọ́n bí ọmọbìnrin wọn. Kí ó tó pé ogójì ọjọ́, ìyá ti rí i pé ọmọlójú rẹ̀ méjèèjì funfun bí ẹfun. Ó fi han ọkọ. Ọkọ kì í ṣe ènìyàn búburú, ó fẹ́ràn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ó ní kí àwọn ní sùúrù, pé bí àwọn bá relé nígbà Kérésìmesì, ìyá òun yóò wò ó, òun yóò sì mọ ohun tí àwọn ará ilé bá wí. Nọ́ọ̀sì kan tí ó ń fún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tún ní ó ṣì kéré jù fún ọ̀bẹ, kí ó pé ọdún kan ná. Kérésìmesì dé, wọ́n relé. Àgbo dé, àdúrà orí òkè dé, ọmọ ti pé oṣù 11 kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí dáadáa, ẹyinjú mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n ojú náà ti ń jó nínú ihò rẹ̀, kò lè dúró lójú kan. Ọmọ náà ti ń lọ sí ilé-ìwé báyìí. Ó ń rí àwọ̀, ó ń mọ̀ bí ènìyàn bá ń bọ̀, ó ń rìn nínú ilé láìdi ògiri mú. Ìwé tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kà ni kò lè kà, àfi èyí tí a bá fi lẹ́tà ńláńlá kọ. N kò sọ èyí kí ẹni tí ó ti pẹ́ má baà lọ mọ́: ìwọ̀nba tí ọmọbìnrin yìí ń rí, iṣẹ́ abẹ yẹn ni ó fún un, ó sì sàn ju òkùnkùn lọ púpọ̀púpọ̀. Mo sọ ọ́ nítorí ọ̀rọ̀ “ẹ jẹ́ kí a relé ná” tí ó wọ̀ wá lẹ́nu jù, àwa tí a wà ní ìdálẹ̀. Àwọn baba wa ní àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Àrùn kejì tí ó ń fi ìgbóríyìn tan òbí jẹ ni glaucoma ọmọ ọwọ́. Omi kan wà nínú ẹyinjú tí ó ń sun nígbà gbogbo, tí ó sì ń gba ojú ihò tóóró kan jáde. Bí ọ̀nà ìjáde yẹn kò bá yọ dáadáa nínú oyún, omi yóò máa kún bí ìgbà tí gọ́tà bá dí. Ojú ọmọdé rọ̀, nítorí náà yóò máa fẹ̀ sí i. Àwọn àlejò yóò máa wí pé, “Ẹ wo ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́!” Ìyá yóò máa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, iwájú ẹyinjú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú bí gíláàsì tí èéfín bà, ọmọ yóò máa sá fún ìmọ́lẹ̀, yóò máa fi ojú pamọ́ sí àyà ìyá rẹ̀, omi yóò sì máa dà lójú rẹ̀ láìsunkún. Nínú gbogbo ìyẹn, iṣan tí ó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ ni ó ń kú lọ, bí ó bá sì kú, kò sí dókítà tí ó lè jí i. Iṣẹ́ abẹ ni ó sábà máa ń wò ó, oògùn tí à ń kán sí ojú kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí àyà yín já nítorí gbogbo ọmọ tí omi ń dà lójú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ihò tí omijé ń gbà lọ sí imú kò tíì là dáadáa fún, yóò sì là fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún kan. Irú ojú bẹ́ẹ̀ kì í tóbi, kì í ṣú, kì í sì sá fún ìmọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà ni yóò sọ èyí fún yín.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ pẹ̀lú etí méjèèjì, nítorí pé ẹ̀mí ni ó ń gbà. Àrùn jẹjẹrẹ kan wà tí ń mú ẹ̀yìn ojú ọmọdé, retinoblastoma ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ mìíràn bá a wáyé, ti ẹlòmíràn yọ kí ó tó pé ọdún márùn-ún. Ohun tí òbí máa ń kọ́kọ́ rí ni pé ojú ọmọ ń tàn ní alẹ́ bí ojú ológbò. Lóde òní, fọ́tò inú fóònù náà ti ń tú u fó: nígbà tí iná kámẹ́rà bá kọ, ọmọlójú kan yóò pupa bí ó ti yẹ, èkejì yóò funfun. Bí ẹ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró di ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti tètè ń gbé ọmọ lọ, ó ju 95 nínú 100 lọ tí ń yè. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ kì í dé ilé ìwòsàn àfi ìgbà tí ojú bá ti yọ síta. Nígbà mìíràn dókítà yóò ní àfi kí a yọ ojú náà kúrò kí àrùn má baà wọ ọpọlọ. Àwọn òbí mìíràn á sálọ ní ilé ìwòsàn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà wúwo. Bàbá tí wọ́n bá ní kí ó fọwọ́ sí ìwé pé kí a yọ ojú ọmọ òun, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní òmùgọ̀ bí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n. Ṣùgbọ́n kí ó fọwọ́ sí i. Ojú àtọwọ́dá wà tí wọ́n ń fi sí i, ọmọ náà yóò sì dàgbà. Òbí tí òun fúnra rẹ̀ bá ti ní àrùn yìí ní kékeré gbọ́dọ̀ gbé ọmọ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò láti ìgbà tí a bá ti bí i, nítorí èyí tí ó jẹ́ àjogúnbá lè kan ìdajì àwọn ọmọ.

N kò ní pẹ́ lórí àwọn yòókù. Ojú ọmọ mìíràn kéré ju bí ó ti yẹ lọ, ti ẹlòmíràn kò tilẹ̀ yọ rárá. Ti ẹlòmíràn, ojú ihò kan tí ó yẹ kí ó pa pọ̀ nínú oyún kò pa pọ̀, ọmọlójú rẹ̀ á wá dà bí ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Ìpéǹpéjú òkè mìíràn máa ń wálẹ̀ bo ojú. Bí ó bá bo ọmọlójú, ó di ọ̀rọ̀ kíákíá, nítorí ìdí kan náà tí mo sọ nípa ọmọ ológbò. Bí ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú bá ní ojú tí ó ní àwọ̀ ojú ọ̀run, ẹ má pe àwọn oníròyìn, ẹ má sì máa fi ojú burúkú wo ìyá rẹ̀. Àbùdá àbímọ́ kan wà tí ń fa irú rẹ̀, èyí tí dókítà Waardenburg ará Netherlands ṣàpèjúwe ní ọdún 1951. Ojú bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ríran dáadáa. Etí ọmọ náà ni kí ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ wò, nítorí adití lè wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àfín kò ṣe é sáré kọjá, nítorí wọ́n wà láàárín wa. A máa ń sọ̀rọ̀ nípa awọ wọn, a kì í sì í sọ ti ojú wọn tó bẹ́ẹ̀. Ohun aláwọ̀ dúdú tí kò sí ní awọ wọn, kò sí nínú ojú wọn náà, ibi tí ó yẹ kí ìríran ti mú jù lẹ́yìn ẹyinjú kò sì yọ tán. Ìdí nìyí tí ojú wọn fi ń jó, tí oòrùn fi ń gún un, tí wọ́n sì ń gbé ìwé súnmọ́ imú. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe olódo. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń gbọ́ mi, ìjókòó iwájú ni kí ẹ fún un. Ẹ̀yin òbí, fìlà tí etí rẹ̀ fẹ̀ àti awò ojú.

Ẹ ó bi mí pé, báwo ni àwọn òbí dúdú méjì ṣe bí àfín? Bí ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ jínótáìpù náà ni. AS pẹ̀lú AS lè bí SS, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì kò ṣàìsàn. Irú àbùdá bẹ́ẹ̀ ni ó ń fa àfín, òun náà ni ó sì wà nídìí àwọn oríṣi glaucoma àti cataract kan: bàbá ru ún, ìyá ru ún, kò hàn lára ẹnikẹ́ni nínú wọn, oyún kọ̀ọ̀kan sì ní ìpín kan nínú mẹ́rin láti gbà á lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Àwọn ìbátan sábà máa ń ru nǹkan kan náà, ó ṣe tán, ọ̀dọ̀ bàbá àgbà kan náà ni wọ́n ti jogún rẹ̀. Àṣà Yorùbá kì í jẹ́ kí ìbátan fẹ́ ìbátan. Òfin Ìjọ náà ka ìgbéyàwó àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sí èyí tí kò lè dúró láìjẹ́ pé a gba ìyọ̀ǹda. Ibi tí a wà báyìí, àṣà àwọn kan nínú àwọn onílé wa yàtọ̀, n kò sì sọ èyí láti fi bú wọn. Mo sọ ọ́ nítorí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti ń gbé níhìn-ín tí wọn kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì torí ọ̀rọ̀ mi máa wo ìdílé ẹlòmíràn tìfura-tìfura. Ọ̀pọ̀ jù lọ òbí tí wọ́n bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò bá ara wọn tan rárá.

Ohun tí a ń dà sí ojú ọmọ wá ńkọ́? Omi ewé, omi ọmú, ìtọ̀, epo, àti èyí tí a ń rà lọ́wọ́ oníkirì. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó lè dé ibi tí cataract wà, nítorí inú lọ́hùn-ún ni ó wà. Ohun tí wọ́n lè dé ni iwájú ẹyinjú tí ó mọ́, wọ́n sì lè bà á jẹ́ débi pé ọmọ tí ó yẹ kí iṣẹ́ abẹ là lójú kò ní ṣe é là mọ́.

Báwo ni òbí yóò ṣe tètè mọ̀? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nílé, ọwọ́ ìyá àgbà ni èyí ì bá wà, ẹni tí yóò gbé ọmọ sẹ́sẹ̀ tí yóò máa wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ní ìdálẹ̀, ìyá àgbà jìnnà, ẹ̀yin ni ẹ ó ṣe é. Ẹ wo ọmọlójú méjèèjì ní ojúmọmọ: ṣé wọ́n dúdú, ṣé wọ́n bára mu? Ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ọmọ yẹ kí ó máa tẹjú mọ́ ojú ìyá rẹ̀, kí ó sì máa rẹ́rìn-ín sí i. Ní oṣù mẹ́ta, ó yẹ kí ojú rẹ̀ máa tẹ̀lé ohun tí ó bá ń lọ. Ojú ọmọ tuntun lè máa ṣe ségesège díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, bí ọ̀kan bá ń wo ìhín tí èkejì ń wo ọ̀hún, tàbí tí méjèèjì ń jó, ẹ gbé e lọ. Èmi gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, bí a bá tan àbẹ́là níbi ìrìbọmi, ojú ọmọ ni mo máa ń wò. Bí ọmọ oṣù mẹ́ta kò bá yíjú sí iná náà, tí kò sì sùn, mo máa ń pe ìyá rẹ̀ sẹ́yìn lẹ́yìn Máàsì.

Nípa ibi tí ẹ ó lọ, ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè Ọya kò ní láti rin ìrìn àjò dé Ìbàdàn. Ilé ìwòsàn ojú ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Kàdúná, àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì náà sì ní ẹ̀ka ojú. Ẹ ní kí wọ́n júwe dókítà tí ó mọ̀ nípa ojú ọmọdé fún yín.

Ọmọ mìíràn wà tí gbogbo ìtọ́jú yìí kò ní là lójú. Mo ti wọ ilé tí wọ́n ti fi irú rẹ̀ pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn títí ó fi tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí kò mọ ọ̀nà ilé ìdáná. Ilé-ìwé àwọn afọ́jú wà ní Gindiri ní ìpínlẹ̀ Plateau láti ọdún 1953. Ìjọ wa dá Pacelli sílẹ̀ ní Surulere ní Èkó ní ọdún 1962. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ìka kàwé. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó gba irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ kọjá ti di olùkọ́, agbẹjọ́rò àti olórin. Ẹ má dúró di ìgbà tí ọmọ bá dàgbà kí ẹ tó bèèrè ààyè.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, èyí tí àwọn òbí máa ń gbàgbé. Bí wọ́n bá yọ awò inú ojú tí ó funfun kúrò, ọmọ ọwọ́ náà ní láti lo awò ojú tí ó nípọn, láti àárọ̀ títí ó fi máa sùn, nítorí pé ìyẹn ni yóò máa ṣe iṣẹ́ awò inú tí kò sí mọ́. Ìgbà mìíràn wọ́n á ní kí a máa lẹ nǹkan bo ojú tí ó dára fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́, kí èyí tí ó ṣọ̀lẹ lè ṣiṣẹ́. Ọmọ yóò já a, yóò sunkún. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ so awò náà yí orí rẹ̀ ká, ẹ dá a padà síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá já a. Àwọn ènìyàn inú ọkọ̀ yóò máa rẹ́rìn-ín pé àwọn kò rí ọmọ oṣù mẹ́ta tí ó wọ awò ojú rí. Ẹ bá wọn rẹ́rìn-ín, kí ẹ má sì yọ ọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yìí ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ọ̀rọ̀ etí ọmọ ni a ó bá dé.